Ọrùn Mi Kò Dọ̀tí: Ìrírí Mi Lórí Họ́mónù, Oúnjẹ àti Irorẹ́

Ohun mẹ́ta ni ó ń ṣe mí láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ní Adó-Èkìtì, n kò sì mọ̀ pé wọ́n tan mọ́ra. Irorẹ́ ń yọ ní àgbọ̀n mi àti ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, irú èyí tó máa ń jinlẹ̀, tó máa ń ro ènìyàn kó tó yọjú, tó sì máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀ nígbà tó bá lọ. Nǹkan oṣù mi kì í wá ní àkókò. Ó lè fo oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tó bá sì dé, kì í fẹ́ dá mọ́. Ẹ̀yìn ọrùn mi dúdú ju ìyókù ara mi lọ, ó sì nípọn díẹ̀, débi pé ẹni tó bá wò ó yóò rò pé n kì í fọ ọrùn dáadáa. Irorẹ́ ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́ṣẹ. Ti nǹkan oṣù, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, nítorí pé ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ kì í fẹ́ wí pé òun kò rí nǹkan oṣù òun, kí àwọn ará ilé má baà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀. Ti ọrùn, ọwọ́ Màmá ni ó wà: gbogbo ìgbà tí mo bá wálé sí Ìjerò ni wọ́n máa ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ha á fún mi, tí wọn yóò máa sọ pé ìwé kíkà kò ní kí ènìyàn gbàgbé bí a ṣe ń wẹ̀.

Àlàyé kò wọ́n. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ mi ló gbóná. Àwọn kan ní ẹ̀pà àti epo pupa ni mo ń jẹ jù, pé epo náà ló ń tú jáde lójú mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní kí n má da ara mi láàmú, pé ọjọ́ tí mo bá ti wọlé ọkọ ni irorẹ́ yóò kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ mú mi dé Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, pé kí n fi omi gbígbóná náà bọ́jú. Omi náà dára, n ó sì tún lọ bí àyè bá wà, ṣùgbọ́n omi ìta kò lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń ṣẹ̀ wá. Ní ti epo pupa, epo tí a jẹ kò ní ọ̀nà kankan tó fi lè gba inú ìfun kọjá tààrà sí inú ihò awọ. Òróró tó ń mú kí ojú máa dán, awọ ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, họ́mónù, ìyẹn àwọn ohun tí ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara, ló sì ń pàṣẹ iye tí yóò ṣe.

Ìgbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, ni mo tó lọ rí dókítà obìnrin kan ní Adó. Irorẹ́ ni mo tìtorí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè ọṣẹ tí mo ń lò. Wọ́n béèrè ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù mi gbẹ̀yìn, àti iye ìgbà tí mo máa ń rí i láàárín ọdún kan. Wọ́n béèrè bóyá irun ń hù sí mi ní àgbọ̀n tàbí ní àyà, ó sì ń hù lóòótọ́, èmi náà ni mo máa ń fi ẹ̀mú tu ú ní yàrá mi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n béèrè bóyá ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ìdílé wa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí àwọn, wọ́n gbé irun mi sókè, wọ́n wo ọrùn mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ìdọ̀tí o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á fún ọ mọ́."

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀lé e pọ̀ díẹ̀. Wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi láì tíì jẹun, wọ́n wo testosterone, ìyẹn họ́mónù tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin, wọ́n wo prolactin tó ń mú kí ọmú ìyá ọmọ ní omi, wọ́n sì wo họ́mónù tó ń ti ọ̀fun wá, láti ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń wú, nítorí pé bí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí bá ṣì rìn, nǹkan oṣù lè dàrú. Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò síkáànù fún ilé ọmọ àti àpò ẹyin. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, wọ́n ní ohun tó ń ṣe mí ni polycystic ovary syndrome, tí wọ́n ń gé kúrú sí PCOS.

Èmi kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1935 ni àwọn dókítà méjì ní Chicago ní Amẹ́ríkà, Stein àti Leventhal, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin méje tí nǹkan oṣù wọn kò wá déédéé, tí àpò ẹyin wọn sì tóbi, tí ó kún fún àwọn ohun róbótó-róbótó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń ṣe obìnrin bíi 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí, pé púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Láti ìgbà ìpàdé àwọn onímọ̀ tó wáyé ní Rotterdam ní ọdún 2003 ni wọ́n ti ń lo òdiwọ̀n kan: nínú ohun mẹ́ta, tí a bá rí méjì, tí a sì ti yẹ àwọn àìsàn mìíràn tó jọ ọ́ sílẹ̀, PCOS ni. Àkọ́kọ́ ni kí ẹyin má máa jáde déédéé. Èkejì ni kí họ́mónù tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin pọ̀ jù lára obìnrin, yálà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó hàn gẹ́gẹ́ bí irun àti irorẹ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí síkáànù fi hàn nínú àpò ẹyin. Àwọn róbótó tí síkáànù ń fi hàn yẹn, ẹyin tí kò gbó tán ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìju. Mo ń sọ èyí nítorí pé kí n tó délé lọ́jọ́ náà ni ẹnìkan tí mo sọ ọ́ fún ti ń wá ẹni tó ń ta àgbo ìju fún mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi jù lọ ni ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ínsúlínì. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí wọ́n ń pè ní pancreas, òun ló ń sun ínsúlínì. Tí a bá jẹ iyán, búrẹ́dì, ìrẹsì tàbí ohun dídùn, yóò di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì ni yóò sì jẹ́ kí ṣúgà náà wọ inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ láti lò ó tàbí láti tọ́jú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tí PCOS ń ṣe, ara kì í tètè gbọ́ ohùn ínsúlínì. Bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tí wọn kò dá a lóhùn ṣe máa ń kàn án kíkankíkan sí i, bẹ́ẹ̀ ni pancreas yóò ṣe máa sun ínsúlínì púpọ̀ sí i, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ má baà lọ sókè. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ṣúgà mi fi dára lọ́jọ́ yẹn, tí dókítà kò sì fi bẹ́ẹ̀ tú mi sílẹ̀: ṣúgà kò tíì ga, ínsúlínì tó ń tì í mọ́lẹ̀ ni ó pọ̀.

Ínsúlínì tó pọ̀ yìí kò dúró sórí ọ̀rọ̀ ṣúgà nìkan. Nígbà tó bá dé àpò ẹyin, yóò mú kí ó máa ṣe testosterone ju bó ti yẹ lọ. Gbogbo obìnrin ló ní testosterone díẹ̀ lára, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Púpọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro. Nígbà tí ínsúlínì kan náà bá dé ẹ̀dọ̀, yóò mú kí ẹ̀dọ̀ dín ohun kan tí wọ́n ń pè ní SHBG kù, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di testosterone mú nínú ẹ̀jẹ̀ kó má baà rìn gbéregbère. Èyí tó wà ti pọ̀ jù, ẹni tí yóò dì í mú sì ti dínkù: testosterone tó wà lómìnira yóò wá máa dé awọ ara, yóò mú kí àwọn kókó tó ń ṣe òróró tóbi, kí òróró pọ̀, kí awọ tó ti kú dí ẹnu ihò tí irun ń gbà hù, kí kòkòrò bakitéríà tó ń gbé inú ihò náà rí oúnjẹ jẹ, kí ara sì gbógun tì í, kí ó wú, kí ó pọ́n, kí ó ro. Ọ̀dọ̀ testosterone náà ni irun àgbọ̀n mi ti wá. Nínú àpò ẹyin, họ́mónù tó dàrú kì í jẹ́ kí ẹyin kankan gbó dé ibi tí yóò ti jáde; tí ẹyin kò bá sì jáde, họ́mónù progesterone tó yẹ kó tẹ̀lé e kò ní wá, nǹkan oṣù kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó dé. Ní ti ọrùn, ínsúlínì tó pọ̀ máa ń mú kí awọ ara máa dàgbà nípọn, kí ó sì dúdú, ní ẹ̀yìn ọrùn, abẹ́ abíyá àti abẹ́ itan. Acanthosis nigricans ni wọ́n ń pè é. Kànìnkànìn kò lè bó o. Bí a bá ń ha á, awọ yóò tún nípọn sí i ni.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ọrùn tèmi náà nìyẹn?" Lóòótọ́, irú ọrùn kan náà ni a ní. Wọ́n lọ yẹ ṣúgà wò ní Ìjerò, ó sì ti wọ ibi tí wọ́n fi ń sọ pé kí ènìyàn kíyèsára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà. Láti ọjọ́ náà ni kànìnkànìn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá rò pé gbogbo irorẹ́ ni PCOS. Irorẹ́ ìbàlágà máa ń bá ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara wọn le koko sì máa ń rí irorẹ́ kan tàbí méjì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù, nítorí pé họ́mónù máa ń yí padà ní àkókò náà. Ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọdún kan tàbí méjì lọ tó ti ń rí nǹkan oṣù, tirẹ̀ lè máa fò láìsí àìsàn kankan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí lẹ́yìn kíláàsì, ìdáhùn mi sì ni pé kí wọ́n máa sàmì sí ọjọ́ tó bá dé sórí kàlẹ́ńdà, nítorí pé ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan oúnjẹ. Onímọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ní kí n lọ rí kì í ṣe ọmọ Èkìtì, mo sì rí i pé ẹ̀rù díẹ̀ ń bà á láti dárúkọ iyán. Bàbá mi, bí wọ́n bá jẹ ìrẹsì, tí wọ́n jẹ ẹ̀wà, tí wọ́n tún mu ẹ̀kọ, wọn yóò ṣì béèrè ìgbà tí oúnjẹ yóò délẹ̀. Ìyá ilé wa náà ní òwe kan lẹ́nu: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Mo gbé òwe náà síwájú onímọ̀ oúnjẹ yìí bóyá yóò gbà mí láyè láti fi ọkà rọ́pò iyán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èlùbọ́ iṣu náà ni iṣu, iye tí mo bá jẹ àti ohun tí mo bá fi tì í ni òun fẹ́ mọ̀.

Ohun tó kọ́ mi ni pé oúnjẹ afúnnilágbára kò dọ́gba nínú bí wọ́n ṣe ń yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní òdiwọ̀n kan fún un tí wọ́n ń pè ní glycemic index, tí glucose, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gan-an, jẹ́ 100 nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe ń gún oúnjẹ, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a sì ń mú èèpo rẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe máa ń tètè sọ ọ́ di ṣúgà, ínsúlínì yóò sì gbéra sọ. Ẹ̀wà, òtílí, awùjẹ àti ẹ̀fọ́ kì í yára bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja tàbí ẹran, kí a tó kan òkèlè, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kì í fò sókè tó bí ìgbà tí a bá fi òkèlè bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, iṣan ẹsẹ̀ yóò gba nínú ṣúgà náà láìdúró de ínsúlínì púpọ̀.

Nítorí náà, mo ń jẹ iyán. Ọmọ iyán kan tó kéré ni mo ń jẹ, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó ju iyán lọ, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. Ohun tó nira jù kì í ṣe ìwọ̀nba yìí, bí kò ṣe àwọn ènìyàn. Níbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó nílé wa, ẹni tó bá bu iyán díẹ̀ fún àlejò ti bú u nìyẹn, ẹni tó bá sì dá iyán padà ti bú ẹni tó gún un. Mo kọ́ bí a ṣe ń gba àwo náà tọwọ́tẹsẹ̀, tí a ń kúnlẹ̀ dúpẹ́, tí a sì ń wá ọmọdé kan tí a ó jọ jẹ ẹ́. Ọmọdé kì í wọ́n níbi ìnáwó ní Èkìtì.

Ohun tí mo gé kúrò pátápátá ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ṣúgà tí mo máa ń dà sínú gàrí. Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, búrẹ́dì funfun àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni oúnjẹ àárọ̀ mi, gàrí oníṣúgà sì ni ọ̀sán. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má ju nǹkan bíi gíráàmù 50 lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ó sì sàn bí kò bá ju 25 lọ, ìyẹn ṣíbí kékeré mẹ́fà; bí mo bá wo ẹ̀yìn, ìgò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi kí n tó kúrò ní ibùsùn. Òtílí ni mo fi rọ́pò púpọ̀ nínú wọn. Kì í tètè jinná, ó sì ń jẹ gáàsì, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró pẹ́ nínú ikùn. Nígbà tí Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, gbọ́ pé wọ́n ní kí n máa jẹ òtílí, inú wọn dùn bí ẹni tó jàre ẹjọ́: wọ́n ní oúnjẹ tálákà ni àwọn ènìyàn ń pè é nígbà tiwọn, ẹ wá wo ibi tí ilé ìwòsàn gbé e dé.

Ṣé oúnjẹ nìkan lè mú irorẹ́ lọ? Ìwádìí kan wáyé ní Ọsirélíà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007: wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ní irorẹ́, ọmọ ọdún 15 sí 25, ní oúnjẹ tí kì í yára di ṣúgà fún ọ̀sẹ̀ 12, irorẹ́ wọn sì dínkù ju ti àwọn tí kò yí oúnjẹ padà lọ. Ọkùnrin ni wọ́n, wọn kò sì pọ̀, nítorí náà n kò ní fi ìwádìí kan ṣoṣo búra. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti fi dán oúnjẹ wò. Tèmi gba oṣù púpọ̀, nǹkan oṣù ni ó sì kọ́kọ́ padà sípò kí irorẹ́ tó tẹ̀lé e. Fún obìnrin tó sanra, bí ó bá lè dín ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìwọ̀n ara rẹ̀, ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà. PCOS máa ń ṣe àwọn tó tín-ín-rín náà o, wọn kì í sì í fura rárá, nítorí pé ẹni gbogbo gbà pé àìsàn asanra ni.

Oúnjẹ ṣe tirẹ̀, oògùn náà ṣe tirẹ̀, n kò sì rí ìdí tí mo fi ní láti yan ọ̀kan. Wọ́n fún mi ní metformin tó ń mú kí ara gbọ́ ohùn ínsúlínì. Inú mi ń dà rú ní ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi ní kí n máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Fún ojú, benzoyl peroxide àti adapalene ni; adapalene yìí ni kò yẹ kí aboyún lò. Àwọn obìnrin mìíràn wà tí dókítà máa ń fún ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí ó ní họ́mónù méjì nínú, kí SHBG lè pọ̀ sí i kí nǹkan oṣù sì wà létòlétò, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kí wọ́n sì béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ dídì kọ́kọ́.

Ìpara tí wọ́n ń pò pọ̀ lọ́jà ni kí ẹ bá mi yẹra fún. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní yunifásítì lò ó, irorẹ́ rẹ̀ sì pòórá láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo wa ní ó ti rí oògùn. Irú àwọn ìpara bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní clobetasol, tó jẹ́ sìtẹ́rọ́ọ̀dù líle, nínú; yóò kọ́kọ́ pa ìwúlé irorẹ́, lẹ́yìn náà yóò sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irorẹ́ mìíràn yóò sì tún jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí a bá dáwọ́ dúró. Òmíràn ní mákúrì, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú máa ń lọ fúnra rẹ̀ bó pẹ́ bó yá, bí a kò bá tẹ irorẹ́ náà tí a sì ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn Màmá, wọn kò bi mí. Ìgbà tí wọ́n bá mi lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní Adó ni wọ́n tó yọ ọ́ sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ṣé yóò bímọ?" Dókítà dáhùn pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí PCOS ń ṣe ló ń bímọ, àwọn mìíràn láìlo oògùn kankan, àwọn mìíràn pẹ̀lú letrozole, tí wọ́n máa ń lò fún ọjọ́ márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù láti mú kí ẹyin gbó kí ó sì jáde. Wọ́n ní ohun tó yẹ kí a máa ṣọ́ ní báyìí ni pé kí oṣù mẹ́ta má kọjá láìrí nǹkan oṣù, nítorí pé bí ara ilé ọmọ bá ń nípọn tí kò ya kúrò, ó lè di àìsàn tó burú lọ́jọ́ iwájú, àti pé kí n máa yẹ ṣúgà mi wò lóòrèkóòrè. Màmá ní kí wọ́n kọ orúkọ letrozole yẹn sílẹ̀ fún àwọn. N kò tíì lọ́kọ nígbà náà, n kò sì tíì lọ́kọ báyìí.